Àádọ́rùn-ún Ọjọ́

Aago mẹ́fà àárọ̀, mo tún wà lórí ìlà ní èbúté Buenos Aires,
báàgì kan, búrẹ́dì méjì,
ìwé ìrìnnà tó ti wú bí ìwé tí òjò pa.
Mo ń sọdá sí Colonia láti lọ jẹun ọ̀sán
kí n lè padà wá di àlejò tuntun.

Odò náà fẹ̀ tó fi jọ òkun,
ó pọ́n rúsúrúsú bíi tíì onímílíìkì.
Ọkọ̀ ń mì. Àwọn tọkọtaya ń ya fọ́tò.
Èmi ń ka òǹtẹ̀:
mẹ́tàlá, tí mo bá ka èyí tó ti ṣá lójú ewé keje.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo bá wá.
Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi rán ìgbòkun ní Esbjerg,
ìka mi le bí awọ, mo ní kí òòrùn bá mi mú wọn rọ̀.
Ni mo bá gba yàrá lọ́wọ́ Nélida Farías ní Boedo,
obìnrin tí ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀
tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.
Á da omi gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife,
á ní ife ló sún.

Àlejò lójú, kò fi í ríran, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí.
Nínú ilé yìí, àlejò ló ń ríran.
Èmi ni mo ń sọ fún un pé jakarandá ti tanná,
pé òdòdó rẹ̀ ti bo mọ́tò alápatà;
èmi ni mo ń ka lẹ́tà ọkọ rẹ̀ olóògbé
pẹ̀lú Sípáníìṣì mi tó ń tiro.
Tí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, á rẹ́rìn-ín títí,
á ní, "Yúta, o ti sọ ọkọ mi di olè ewúrẹ́."
Jytte lorúkọ mi. N kò tún un ṣe fún un mọ́.

Ní Colonia mo jẹ ẹja. Mo wo aago.
Ajá kan sùn láàárín ọ̀nà olókùúta
bí ẹni tó ní ìwé ibẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tí mo padà, ọmọdébìnrin kan ló wà lẹ́yìn gíláàsì,
èékánná rẹ̀ aláwọ̀ ewé.
Kò lu òǹtẹ̀ kíákíá bí àwọn yòókù.
Ó ṣí ewé, ó ṣí ewé,
ó ń wo ọdún mẹ́ta mi bí ẹni ń ṣa òkúta lára ìrẹsì.
"Ìyá, kí lẹ ń ṣe níbí?"

Mo wo fọ́ọ̀mù. Ìdí ìrìnàjò: ìgbafẹ́.
Ṣé ìgbafẹ́ ni fífọ ẹsẹ̀ arúgbó lálẹ́ Sátidé?
Kíkán oògùn sójú, ẹ̀kán kan lọ́tùn-ún, méjì lósì,
títẹ́tí lóru bóyá ó ti kọsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn?
Mo ní, "Mo ń gbafẹ́ ni."
Ohùn mi kò já mi kulẹ̀. Etí mi ló pọ́n.

Ìwé ìgbélùú wà, mo mọ̀.
Iye tí wọ́n ń béèrè, owó ìfẹ̀yìntì mi kò tó o;
ọkọ tàbí ìbátan, n kò ní.
Ohun tí èmi àti Nélida jẹ́ síra wa kò sí lára fọ́ọ̀mù.

Ó lu òǹtẹ̀. Ó fi bírò kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀:
ọgbọ̀n ọjọ́.
Kò wò mí lójú.

Wọ́n ní àjò kì í dùn kónílé má relé.
Nínú bọ́ọ̀sì, mo gbé ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu bí egungun ẹja,
mi ò gbé e mì, mi ò tu ú.
Ẹlòmíràn ti ń gbé ilé mi ní Esbjerg.

Nélida ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mọ ìró bàtà mi.
Ó gba ìwé ìrìnnà,
ó ń fi ìka wá òǹtẹ̀ náà bí ẹni ń wá ihò abẹ́rẹ́.
Yíǹkì kì í wú. Kò lè mọ̀.
"Mélòó?"
"Àádọ́rùn-ún."
Ó dákẹ́. Ó gbé kẹ́tù, ó da omi,
inú ife gan-an ló dà á sí, ẹ̀kán kan kò ta.
"O mí kanlẹ̀ kí o tó dáhùn," ó ní.
"Jókòó. Lẹ́tà kẹta la dé."